Afẹ́fẹ́ Tó Ṣáájú Pílánẹ́ẹ̀tì

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì fi igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbá ògiri funfun tí àwòrán ń hàn sí. "Afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì yìí kò tẹ̀lé e lẹ́yìn bí gbogbo wa ṣe rò. Iwájú ló wà. Kí pílánẹ́ẹ̀tì tó dé ojú ìràwọ̀ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ti débẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí irú èyí rí."

Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ọlọ́mọ tuntun kan tó jókòó lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ìlà tó wà lára ògiri náà bí ẹni tó rí aṣọ ara rẹ̀ lára ẹlòmíràn lójú títì.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ẹ̀ka ìwádìí ìràwọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, nítorí láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà réré lọ: èyí tó ń jò, èyí tó ti jò tán, èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń yan gbẹ lójoojúmọ́. Ọjọ́ yìí gan-an ló wọlé padà láti ìsinmi ìbímọ. Ó ti rò ó pé wọn yóò fi ẹ̀rín pàdé òun, wọn yóò béèrè ọmọ, òun yóò sì jókòó ti iṣẹ́ òun. Iṣẹ́ òun ló wà lára ògiri yẹn.

Ó mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀ láàárín igbe ọmọ mẹ́wàá. Ó mọ ibi tí ìlà náà ti tẹ̀ wọlé. Ó mọ ibi tó ti yọ gọ̀ngọ̀ díẹ̀ nítorí àbàwọ́n kan tó wà lójú ìràwọ̀ náà. Ó mọ àwọ̀ ọsàn tí òun fúnra òun yàn fún un nígbà tí pupa kò wù òun. Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dun Afẹ́fẹ́. Ẹni tó jí ẹ̀wù gbé, ó kéré tán, a máa tú ọrùn rẹ̀, a tún un rán, kí ó tó wọ̀ ọ́ jáde.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, orúkọ àwọn tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn hàn sára ògiri. Olórí Ẹ̀ka wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso awò awọ̀nàjíjìn méjèèjì wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìyá Ìkókó, fún ọ̀rọ̀ ìṣírí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Ìyá Ìkókó, ẹ kú ìṣírí o!" ni ẹnì kan pariwo.

Afẹ́fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ọmú rẹ̀ ti kún, wàrà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi fáìlì bo àyà, ó sì rọra jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye tí nǹkan jẹ́, kò lè mọ bó ṣe dun ẹni tí wọ́n jí i mọ́ lọ́wọ́. Pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Ìràwọ̀ tó ń yí po nìkan là ń rí. Àmọ́ tí pílánẹ́ẹ̀tì náà bá ń gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a dín díẹ̀, bí ìgbà tí kòkòrò bá fò kọjá níwájú iná mọ́tò. Àwọn awò tí wọ́n gbé lọ sójú òfuurufú, níbi tí kò sí ìkùukùu, tí kò sí eruku, lè rí ìdínkù yẹn. Wọ́n tún lè pín ìmọ́lẹ̀ náà sí oríṣiríṣi àwọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára pílánẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ kan wà tí yóò dín ju àwọn yòókù lọ, yóò sì pẹ́ kó tó padà sípò, nítorí ìràwọ̀ náà ti fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀hún sẹ́yìn bí èéfín tí ọkọ̀ ń tú sílẹ̀ lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ẹ̀ka ń pe obìnrin náà, nítorí òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, ó sì lawọ́, ó lọ́yàyà. Nígbà tí Afẹ́fẹ́ dé ẹ̀ka náà, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àbàwọ́n ojú ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá, Ẹ̀gbọ́n ló fà á mọ́ra. Nígbà tí ìrọbí mú un lórí àga ọ́fíìsì, Ẹ̀gbọ́n ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, tó ń tẹ fèrè lọ lójú ọ̀nà bí ẹni pé òun ló fẹ́ bímọ. Lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gba ọmọ náà. "Ọmọ mi" ló ń pè é láti ọjọ́ náà.

Kí oyún tó wọ oṣù rẹ̀ ni Afẹ́fẹ́ ti kó ohun tí awò méjì rí lára pílánẹ́ẹ̀tì kan pọ̀. Awò kìíní ló fi mọ ìgbà tí pílánẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀ kọjá. Awò kejì ló fi rí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára rẹ̀. Nígbà tó to méjèèjì pọ̀, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ṣáájú pílánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹnu yà á. Ó fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n: "Ẹ bá mi wò ó, mà. Kò tíì dá mi lójú."

Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé: "Gbàgbé iṣẹ́, lọ bímọ. Tó o bá dé, a jọ máa jókòó tì í."

Afẹ́fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ó sì sùn lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí yóò parí bí ọdún bá parí, àmọ́ Olórí Ẹ̀ka ti sọ fún un pé ipò kan ń bọ̀, irú èyí tí èèyàn ń wà nínú rẹ̀ títí dìgbà ìfẹ̀yìntì, tí wọn yóò fún ẹni tó bá ní iṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́. Pílánẹ́ẹ̀tì yìí ni iṣẹ́ gidi tirẹ̀.

Wàyí o, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé wọn kì í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí fíríìjì, ó dúró tì í, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún kí oorun ọmọ má bàa dá, ó sì ń fi ọwọ́ kan wo iṣẹ́ rẹ̀. Lójijì ó dẹ́kun mímì. Aago!

Ọ̀rọ̀ aago kò le. Ayé ń yí oòrùn po. Nígbà mìíràn ó sún mọ́ ìràwọ̀ tí à ń wò, ìmọ́lẹ̀ a tètè dé. Nígbà mìíràn ó jìnnà sí i, ìmọ́lẹ̀ a pẹ́ lọ́nà. Kí nǹkan má bàa dàrú, gbogbo àwọn oníṣẹ́ yìí a máa yí aago wọn sí ti oòrùn, bí ẹni pé inú oòrùn ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ń wò. Iṣẹ́ kékeré ni, kò ju kí èèyàn fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lọ. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn tó ń ṣàkóso awò kejì ti bá a fi iyọ̀ sí i kí ọbẹ̀ tó dọ́wọ́ rẹ̀. Òun kò sì mọ̀, ó tún fi tirẹ̀ sí i. Aago tí a yí lẹ́ẹ̀mejì yẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé afẹ́fẹ́ ti dé ṣáájú. Nígbà tí Afẹ́fẹ́ yọ iyọ̀ kejì kúrò, afẹ́fẹ́ náà padà sẹ́yìn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́ bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Kò sọ fún ẹnì kankan àfi ọkọ rẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ de ọjọ́ tí òun yóò padà, kí òun àti Ẹ̀gbọ́n lè jọ fi àṣìṣe yẹn ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n kò dúró de ẹ̀rín. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ oníyọ̀ méjì náà lọ síwájú àlejò, kò sì tọ́ ọ wò.

Nígbà tí Afẹ́fẹ́ nu ẹ̀wù rẹ̀ tán, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n. Ohun méjì ló fẹ́ sọ: pé iṣẹ́ òun ni, àti pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

"Wọlé. Háà, Ìyá Ìkókó! Mo rí ẹ lẹ́yìn, mo ní kí ìpàdé yìí tètè tán kí n lè dì mọ́ ẹ. Báwo lọmọ mi?"

"Ó wà dáadáa, mà. Ó ń kí yín."

Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń dáhùn. Ọmọ tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ojoojúmọ́ ló ń kí àgbàlagbà.

"Ṣó ti ń jókòó?"

"Ó ń gbìyànjú, mà."

"Yóò jókòó. Fa àga wá."

Afẹ́fẹ́ kò fa àga. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí ẹ fi hàn wá yẹn."

"Ẹn-ẹ́n. Ó dùn, àbí?"

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún. "Iṣẹ́ wa ni. Ta ló kọ̀wé tí wọ́n fi yọ̀ǹda awò fún wa? Ta ló kọ́ ẹ? Àwọn ará òkè òkun náà ń wo pílánẹ́ẹ̀tì yìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Àbí kí n máa wọ̀nà títí wàá fi já ọmọ lẹ́nu ọmú?"

"Ẹ̀ bá ti pè mí lórí fóònù."

"Èmi? Kí n máa da ọlọ́mọ tuntun láàmú? Mi ò kì í ṣèèyàn burúkú."

"Orúkọ mi ò sí níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fẹ́ kó gbọ̀n. "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìṣírí."

"Gbọ́, ọmọ mi. Ọjọ́ alẹ́ mi ti ń sún mọ́lé níbí yìí. Èyí ni wọ́n máa fi rántí mi. Ìwọ ṣì kéré, pílánẹ́ẹ̀tì pọ̀ lókè, o máa rí tìẹ. Ṣe sùúrù. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun."

"Mo wẹ ọwọ́ mi, mà. Èmi náà ni mo tún se oúnjẹ ọ̀hún."

Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ aago ti dé eyín rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀, kò fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n lọ fi àṣìṣe ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀ lójú ayé. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó ku ohun kan. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ipò yẹn, wọ́n ti fún ẹnì kan. Olórí Ẹ̀ka bi mí léèrè ẹ, mo sì ní ọwọ́ ẹ kún, kí wọ́n jẹ́ kó o tọ́mọ ná. Nítorí tìẹ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ aago padà sọ́nà ọ̀fun.

"Ẹ ṣé, mà," ni Afẹ́fẹ́ wí.

"Má fi sínú o. Àwọn alákòóso awò máa bá wa ṣèpàdé lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́bọ̀. Kó o wá, kó o jókòó síwájú."

Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó tú ẹ̀rọ fíríìjì oníbàárà kan palẹ̀, tí ọmọ sì jókòó ti ìrọ̀rí níwájú rẹ̀, tó ń wo gbogbo irin náà bí ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wò. Afẹ́fẹ́ gbé ọmọ sọ́mú, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti orí dé ìdí.

"Ẹ̀gbọ́n?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n tó gbé ọmọ kí èmi bàbá ẹ̀ tó gbé e?"

"Òun."

"Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là. "Ó dáa ná. Ṣé ó mọ̀ nípa aago?"

"Kò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ò ní wí nǹkan kan fún un! Jẹ́ kó máa gbé e kiri. Tí gáàsì bá ń jò lára fíríìjì, ṣé ó ń pariwo ni? Ọjọ́ tí ẹran bá rà lonílé ń mọ̀."

"Àṣìṣe mi ni, bàbá ọmọ. Tí wọ́n bá rí i, èmi ni mo ṣe é."

"Ta ló mọ̀? Orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀. Ohun tó fi rẹ́ ẹ jẹ náà ló fi yọ ẹ́."

Ó dára létí. Afẹ́fẹ́ rò ó wò: Ẹ̀gbọ́n níwájú gbogbo ayé, tí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè, tí kò rí èsì. Ó gbádùn rẹ̀ fún ìwọ̀nba tí ọmọ fi mu ọmú ọ̀tún. Nígbà tó yí ọmọ sí òsì ni ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń sunkún rẹ̀, èèyàn lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ipò náà pàápàá. "Nítorí tìẹ ni" yẹn ló ń dùn ún. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ló yẹra tó fi ṣubú, ẹni náà ló tún ń kí i pé ó kú ìrọ̀rùn.

"Má sunkún sí ọmọ lórí," ni ọkọ rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wá jókòó tì í, kò sì ṣe àwàdà kankan mọ́.

Nígbà tí ọjọ́bọ̀ pé, yàrá ìpàdé kún. Àwọn alákòóso awò ti wà lára ògiri, olúkúlùkù nínú fèrèsé tirẹ̀. Gèlè pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà lórí Ẹ̀gbọ́n, ó ń tún un ṣe lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Afẹ́fẹ́ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun kan wà nípa aago awò kejì tó yẹ kí ẹ…"

"Lẹ́yìn ìpàdé, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó bóyá omi àwọn àlejò ti wà lórí tábìlì."

Afẹ́fẹ́ lọ wo omi. Omi wà. Kí á má purọ́ fún ara wa, ó lè pariwo. Ó lè di apá Ẹ̀gbọ́n mú. Ó mọ̀ pé ohùn jẹ́ẹ́ tí òun lò yẹn kò lè dé ibì kankan, ìdí gan-an tó fi lò ó nìyẹn. Ó jókòó sẹ́yìn, sídìí ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan.

Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ re. Ó ní ìràwọ̀ náà ló ń fa afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì mọ́ra, bí ọmọdé ṣe ń fa omi ọsàn mu. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbi tó fẹ́ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ alákòóso awò kejì, na ọwọ́ nínú fèrèsé tirẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa níbí ti ń yí aago sí ti oòrùn kí á tó fi ohun tí awò rí ránṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà tún yí i lọ́dọ̀ yín?"

"Aago?" ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nítorí tí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, afẹ́fẹ́ náà á dà bí ẹni pé ó ṣáájú."

Ẹ̀gbọ́n wo ìlà aláwọ̀ ọsàn lára ògiri bí ẹni pé ògiri ló fẹ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ló na igi ọwọ́ rẹ̀ sí ìdí ilẹ̀kùn.

"Ọmọ kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ṣe apá yẹn. Afẹ́fẹ́. Òun ló wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Gbogbo ọ̀rọ̀ aago, gbogbo ìlà yẹn, òun ló ṣe é. Èmi kàn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

Gbogbo orí yí padà. Nígbà tí ọbẹ̀ dùn, Ẹ̀gbọ́n ló sè é. Ìgbà tí iyọ̀ pọ̀, wọ́n rántí orúkọ Afẹ́fẹ́.

Ó rò pé yóò dun òun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn ún lóòótọ́, ó dùn ún wọnú eegun, nítorí títí di ìgbà yẹn, ibì kan nínú rẹ̀ ṣì ń bá Ẹ̀gbọ́n wá àwáwí. Àwáwí yẹn tán níbẹ̀. Bó ṣe tán, ó bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Èmi ni mo ṣe é. Mo yí aago lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ìlà tó wà lára ògiri yẹn, èmi ni mo fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n ti jẹ́rìí mi níwájú gbogbo yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí àṣìṣe náà nígbà tí mo wà nílé. Èyí tó tọ́ wà lọ́wọ́ mi, tí ẹ bá fẹ́ rí i."

"Afẹ́fẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "a lè wo ìyẹn lẹ́yìn…"

"Jẹ́ kó wá," ni Olórí Ẹ̀ka wí.

Ó rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú. Wàrà ti rin ẹ̀wù rẹ̀ ní ibi méjì, àmọ́ kò fi ohunkóhun bò ó. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ okùn tó wà lórí tábìlì, ìlà tuntun sì hàn lórí ti àtijọ́, ní àwọ̀ ọsàn kan náà. Kò sí ìyanu nínú rẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú, afẹ́fẹ́ tẹ̀lé e.

"Ó ń jò," ni ó wí, "àmọ́ kò jò tó bí a ṣe ń bẹ̀rù. Ohun tó ṣe pàtàkì níbí nìyẹn. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ ẹ̀ ju ohun tó yẹ kó sún mọ́ ọn lọ, iná ń jó o tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀ á ṣẹ́ kù sí i lára. A ò tíì mọ ohun tó fi ń dì í mú."

Bàbá arúgbó náà sún mọ́ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ títí ó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ló kún fèrèsé. Ó wúkọ́. "Èyí ni mo gbà gbọ́," ni ó wí. "Ta la máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, tá a bá fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Afẹ́fẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n láyè láti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ń to ìwé rẹ̀ pọ̀.

"Èmi ni, sà," ni Afẹ́fẹ́ dáhùn, ó sì sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́, lójú gbogbo wọn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ògiri ṣófo tán, Olórí Ẹ̀ka pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọn yóò gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí Afẹ́fẹ́ lọ kọ èyí tó tọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ó ní ti ipò yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́, òun kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti fún. Afẹ́fẹ́ ní ó ti yé òun. Bí ọdún bá parí, òun yóò kó ẹrù òun níbí yìí, òun yóò wá ibòmíràn. Pílánẹ́ẹ̀tì náà yóò bá òun lọ.

Ẹ̀gbọ́n dúró létí fèrèsé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tún un ṣe mọ́.

"O dójú tì mí," ni ó wí.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí dìde, mà."

"Ò bá ti sọ fún mi."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn níṣẹ́. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ lónìí, ẹ ní kí n lọ wo omi."

Ọkọ̀ kan ń fi ẹ̀yìn rìn níta, ó ń ké pìn-ín, pìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀, bí ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé wọn yóò ṣí.

"Báwo lọmọ mi?"

Afẹ́fẹ́ wo ọwọ́ méjèèjì tó kọ́kọ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò gbàgbé. Kò ní gbàgbé láé.

"Ó wà, mà," ni ó dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n ń retí ìyókù, pé ọmọ ń kí òun. Ìyókù kò wá. Afẹ́fẹ́ gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ kí ó ṣe fún àgbà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ sílé lọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.